Bíréèkì Camry 1999 ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀: kí ni mo lè yẹ̀ wò fúnra mi nílé?

Oníbéèrè, Àdàtán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Camry 1999 ni, ẹ́ńjìnnì 2.2, dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Tí mo bá tẹ bíréèkì, ó máa ń mú. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Kútọ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ dì í mú, pẹ́dà á máa rọra wọlẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Tí mo bá tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á gbéra padà. Ọ́ìlì inú ike rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n ìka méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀kán kankan nílẹ̀ ibi tí mo ń páàkì sí. Ẹnì kan ní kí n ra páàdì, ẹlòmíràn ní háídróváàkì, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, ni. Mo ní jáàkì, stáńdì méjì àti sípánà lóríṣiríṣi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mẹkáníìkì, Láfẹ́ńwá

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn pamọ́ ná. Abẹ́òkúta kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, bíréèkì tó ń wọlẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sọ̀ kalẹ̀ láti Ìtòkú.

Ẹ má ra nǹkan kan síbẹ̀. Páàdì kọ́. Páàdì tó ń jẹ tán lè mú kí ọ́ìlì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú kí pẹ́dà máa rì nígbà tí ẹsẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀. Háídróváàkì náà kọ́, nítorí tó bá bàjẹ́, líle ni pẹ́dà máa ń le, ẹ óò fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó mú. Ẹ lè dán an wò láìtú nǹkan kan: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì bí ìgbà márùn-ún títí á fi le, ẹ wá fi ẹsẹ̀ dì í mú kí ẹ tó sítáàtì. Tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jí, tó sì dúró, háídróváàkì ń ṣiṣẹ́.

Pẹ́dà tó ń rì túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń sá lọ síbì kan. Tiyín sì ń dín kù, nítorí náà ó ń jáde. Ibi méjì ló lè jò sí tí ilẹ̀ kò fi ní tutù: inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, tàbí láti ẹ̀yìn másítà (sílíńdà ńlá abẹ́ ike ọ́ìlì, tó ń ti ọ́ìlì lọ sí taya tí ẹ bá tẹ pẹ́dà) wọ inú háídróváàkì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí másítà ti so mọ́ háídróváàkì. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń jẹ ọ̀dà, torí náà bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ ti rí nǹkan kan.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, Ìdí-Àbà

Òótọ́ ni. Kí ẹ tó tú másítà, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀mù méjèèjì ẹ̀yìn. Orí ilẹ̀ títẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é o. Ẹ fi òkúta ńlá sé taya iwájú níwájú àti lẹ́yìn, torí ẹ gbọ́dọ̀ tú háńdì bíréèkì sílẹ̀ kí dúrọ́ọ̀mù tó lè jáde. Ẹ gbé ọkọ̀ lé stáńdì, ẹ má fi jáàkì nìkan dá a dúró.

Tí dúrọ́ọ̀mù bá lẹ̀, ẹ má fi òòlù lù ú. Ihò kékeré méjì tí a lè de bóòtù sí wà lójú rẹ̀. Bóòtù 8 mm ni kí ẹ dè sínú méjèèjì, kí ẹ máa yí wọn ní ìdajì ìdajì, á ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ má fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí fọkanáísà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Láínì (ohun tó ń fún mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù láti dá taya dúró) àtijọ́ mìíràn ní asbestos, eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Lókè ibẹ̀, ẹ óò rí sílíńdà kékeré tó ní rọ́bà ìbòjú lápá méjèèjì. Ẹ fi sukurudiráfà rọra ṣí etí rọ́bà náà. Bó bá rin díẹ̀, kò tíì burú. Bí ọ́ìlì bá ṣàn jáde, sílíńdà náà ti lọ, láínì tó ti mu ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá a lọ, ti ọ̀tún àti ti òsì pa pọ̀. Láínì tó ti mu ọ́ìlì kò ṣeé yọ́ nínú iná, kò ṣeé fi petirolu fọ̀. Ọkọ̀ á máa fà sápá kan ni.

Bí ẹ̀yìn bá gbẹ, ẹ fún họ́ọ̀sì rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pẹ̀lú kíláǹpù tí ẹnu rẹ̀ dán. Ẹ má lo fáìsì gírípù lásán, eyín rẹ̀ á já òwú inú họ́ọ̀sì. Ẹ wá tẹ bíréèkì, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá le tó sì dúró, másítà dára, ọ̀dọ̀ taya ni àbùkù wà. Ẹ máa tú kíláǹpù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó ń mú un rì á fi hàn. Tó bá ṣì ń rì, tí kò sì sí páìpù irin tó ń jò, másítà ni.

Oníbéèrè, Àdàtán

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Dúrọ́ọ̀mù méjèèjì gbẹ. Mo fún họ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, pẹ́dà ṣì ń rì. Mo tú nọ́ọ̀tì méjì másítà, mo rọra fà á síwájú: ẹ̀yìn rẹ̀ rin, ọ́ìlì díẹ̀ sì wà lẹ́nu háídróváàkì. Rọ́bà ìdérí ike náà ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ṣé kí n ra rọ́bà másítà nìkan?

Mẹkáníìkì, Láfẹ́ńwá

Rọ́bà tó wú yẹn ló ń dà mí láàmú ju másítà lọ. Ọ́ìlì bíréèkì kì í wú rọ́bà báyìí. Ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sitiárìn sínú rẹ̀ rí. Ẹ fà díẹ̀ jáde, kí ẹ bu ú sínú ife tó ní omi, kí ẹ rò ó. Ojúlówó á yòrò mọ́ omi. Tí òróró bá léfòó, gbogbo rọ́bà inú bíréèkì yẹn ló ti bàjẹ́, láti másítà dé kálípà tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì níwájú, sílíńdà ẹ̀yìn àti họ́ọ̀sì. Owó rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n másítà tuntun tí ẹ bá so mọ́ ọ́ìlì burúkú kò ní pẹ́ tún wú.

Oníbéèrè, Àdàtán

Mo ti dán an wò. Ó yòrò pátá, kò sí ohun tó léfòó.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, Ìdí-Àbà

Ọpẹ́ ni. A jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ba ìdérí yẹn jẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti rọ́bà másítà, ẹ yọ písítìnnì, kí ẹ wo inú rẹ̀. Tí èékánná yín bá kọ́ ojú ibi tó ti ha tàbí tó ti dípẹtà, rọ́bà tuntun á ya níbẹ̀. Másítà odindi ni kí ẹ rà, kó má jẹ́ tókúnbọ̀. Ẹ kò mọ iye ọdún tí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ lórí igbá. Ẹ nu ọ́ìlì inú háídróváàkì kúrò, kí ẹ wo họ́ọ̀sì tó ti ibẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Tí ọ́ìlì bá gbabẹ̀, èéfín funfun á máa jáde ní sálẹ́ńsà.

Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú másítà kí ẹ tó gbé e sára ọkọ̀: ẹ dè é mọ́ fáìsì, ẹ rọ ọ́ìlì sí i, ẹ fi páìpù kúkúrú méjì dá ọ́ìlì padà sínú ike, kí ẹ máa rọra ti písítìnnì títí hóró afẹ́fẹ́ ò fi ní yọ mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí, tí wọ́n á wá máa wá afẹ́fẹ́ kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

DOT 3 ni irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí ike yẹn. Ẹ ra èyí tí a kò tíì ṣí, ìgò 500 ml méjì. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: tuntun kì í hó títí dé 205 °C ó kéré tán, èyí tó ti mu omi lè hó ní 140. Bó bá hó nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ ni. Ẹ má lo DOT 5, kò bá DOT 3 pò pọ̀.

Tí másítà bá ti wà lára ọkọ̀, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti taya tó jìnnà jù sí másítà: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹnì kan á tẹ̀, á dì í mú. Ẹ̀yin á tú nípù (ìdè kékeré ẹ̀yìn taya tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde), ọ́ìlì á gba rọ́bà tó mọ́ gaara bọ́ sínú ìgò, ẹ óò dè é kó tó gbé ẹsẹ̀. Kí ike má gbẹ láé.

Mẹkáníìkì, Láfẹ́ńwá

Mo fi èyí kún un: tí ẹ bá parí, ẹ sítáàtì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ di pẹ́dà mú ṣinṣin fún ìṣẹ́jú méjì. Bí kò bá rì, ẹ gbé e rìn lórí ilẹ̀ títẹ́ ní àdúgbò, kó má yára, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ fọwọ́ súnmọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èyí tó gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ, kálípà tàbí láínì ibẹ̀ ló ń dì mọ́ ọn. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì ìwọ̀n ọ́ìlì lára ike, kí ẹ wò ó láràárọ̀ fún ọjọ́ méje.

Oníbéèrè, Àdàtán

Mo ti fi másítà tuntun sí i. Ìṣẹ́jú méjì, kò mì rárá. Àmì ti wà lára ike, màá mú èsì wá lọ́jọ́ keje.