Ìdí tí 16 fi ń da kíláàsì elédè púpọ̀ rú

Ọmọ tó bá gbọ́ "mẹ́rìndínlógún", mẹ́rin àti ogún ló gbọ́. Ohun tó wà lójú pátákó sì ni 1 àti 6. Bó bá kọ 24 tàbí 420, ẹ má pè é ní olódo o: etí rẹ̀ ló tẹ̀ lé.

Ní Àgbádárìgì, ọmọ Ègùn tó jókòó tì í ń gbé tirẹ̀ ka orí 15: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ọ̀kan ni 16 lẹ́nu tiwọn. Ọmọ Haúsá á ní "goma sha shida", ọmọ Ígbò á ní "iri na isii". Ẹ̀wá lé mẹ́fà ni méjèèjì, ó bá bí a ṣe ń kọ ọ́ mu wẹ́kú. Tíṣà lè wá rò pé orí àwọn yẹn ló pé jù, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tí ọmọ Yorùbá ń fẹnu ṣe gan-an ló le jù.

Igi ìgbálẹ̀ ló ń yanjú ẹ̀. Ẹ gé e kó gùn tó ìka àárín, ọgọ́rùn-ún fún ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdì kan lọ́wọ́ òsì, ẹyọ mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kí kálukú pè é lédè ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ìdì méjì kalẹ̀, kí wọ́n tú ọ̀kan, kí wọ́n yọ mẹ́rin kúrò níbẹ̀. Ibi títú ìdì yìí ni ẹ̀kọ́ wà, ẹ má bá wọn tú u.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìdì tí kò pé mẹ́wàá (kí ẹlòmíì tún un kà kí wọ́n tó fi rọ́bà sí i), àti kíkánjú dé 45. Ẹ̀ẹ̀mejì ni márùndínláàádọ́ta ń yọ: 60 dín 10, kó tún dín 5. Ẹ jẹ́ kí 11 sí 19 kọ́kọ́ wọlé.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kíkà kún un. Ọmọ Ìbàdàn lè ka "ṣíbí" bíi "síbí". Ọmọ Haúsá lè ka "pen" lédè Gẹ̀ẹ́sì bíi "fen". Ahọ́n nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀wékà. Ẹ to ṣíbí, ife àti kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, kó ka ọ̀rọ̀ náà kó sì mú ohun tó kà. Bó bá mú ṣíbí, ó gbà á nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ti pípè sí.

Ẹ má sì sọ ọmọ tó gbọ́ èdè méjì di ògbufọ̀ ojoojúmọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ á máa fà sẹ́yìn. Ẹ kó orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì sínú agolo mílíìkì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni kó dáhùn. Ẹ dá orúkọ méjì mẹ́ta padà sínú rẹ̀ o, kí àwọn tó ti dáhùn má baà sùn.