Èsì MAP àwọn ìbejì mi: ta ló ṣe dáadáa nínú àwọn méjèèjì?

Ìyá Ìbejì Katy

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Houston àti gbogbo òbí tó wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi má bàa fà á ya.

Grade 4 ni àwọn ìbejì mi wà. Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èsì MAP ìṣirò wọn, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe níléèwé, ránṣẹ́ sílé. Táíwò gba 214 ní oṣù kẹsàn-án, ó gba 220 ní oṣù karùn-ún. Percentile rẹ̀ kúrò ní 84, ó di 72. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ ní 188, ó parí sí 202. Percentile tiẹ̀ kúrò ní 21, ó di 30. Wọ́n tún wá kọ nǹkan kan tí wọ́n pè ní growth percentile sí i: Táíwò 20, Kẹ́hìndé 72.

Bàbá wọn wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní Táíwò ṣe bẹbẹ, ó ti ra kẹ̀kẹ́ fún un. Ó ní Kẹ́hìndé gba 30 lórí 100, pé kò sí bọ́ọ̀lù fún un ní gbogbo ọlidé yìí, lẹ́sìn ni yóò máa lọ. Ọmọ náà ò jẹun alẹ́.

Àmọ́ èmi tún ìwé náà kà. Abẹ́ orúkọ Táíwò ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò dé ibi tí wọ́n ń retí. Kẹ́hìndé ni wọ́n ní ó kọjá ibẹ̀. Báwo ni ẹni tó gba 220 kò ṣe débẹ̀, tí ẹni tó gba 202 wá kọjá ibẹ̀? Àbí wọ́n pààrọ̀ èsì wọn ni? Àwọn ọmọ yìí jọra o, títí di òní ni tíṣà wọn ṣì ń ṣì wọ́n pè.

Bàbá Alief

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Nígbà tiwa, èsì ìdánwò ò ní wàhálà kankan nínú: ipò kìíní, ipò kejì, títí dórí ipò kejìlélógójì. Bí o bá ṣe ipò kejìlélógójì, o ti mọ̀ pé pàṣán ń dúró dè ọ́ nílé. Kí wá ni ti growth growth yìí? Ẹni tó gba 220 ló mọ̀wé jù, ó tán. Ṣùgbọ́n kí ọkọ yín má gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ o, ìyẹn ò dáa.

Tíṣà Grade 4

Ẹ kú làálàá ọmọ, Ìyá Ìbejì. Grade 4 ni èmi náà ń kọ́ níbí ní Texas, ìwé yìí gan-an ni mo máa ń ṣàlàyé títí tí ẹnu fi máa ń ro mí bí oṣù karùn-ún bá ti dé. Wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Ohun méjì ni wọ́n jọ kọ sórí ìwé kan ṣoṣo: ibi tí ọmọ dé, àti bó ṣe rìn tó láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ yín ka ti àkọ́kọ́, ó fo ti ìkejì.

Ẹ bá mi kọ́kọ́ sọ fún wọn pé percentile 30 yẹn kì í ṣe 30 lórí 100 rárá. Bàbá Alief tó dárúkọ ipò ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún ọmọ Grade 4 jọ káàkiri Amẹ́ríkà, kí ẹ tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: Kẹ́hìndé ṣe ju bí ọgbọ̀n nínú wọn lọ. Kò sọ iye ìbéèrè tó gbà. Kódà iye tí ọmọ gbà kò tó nǹkan nínú MAP, torí kọ̀ǹpútà ló ń yan ìbéèrè fún kálukú. Bí ọmọ bá gba ọ̀kan, èyí tó le díẹ̀ sí i ló máa tẹ̀lé e. Bó bá ṣì í, èyí tó rọrùn ló máa gbé wá. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó tira wọn, ìbéèrè wọn ò ní jọra, àwọn méjèèjì á sì gba bí ìdajì. Ìdí rèé tí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù nínú kíláàsì mi fi máa ń jáde tí ojú wọn á pọ́n, wọ́n á ní wọ́n bi àwọn ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ àwọn rí.

220 àti 202 ni wọ́n ń pè ní RIT. Georg Rasch, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark, ni wọ́n fi R yẹn rántí. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo kíláàsì, nǹkan bíi 100 sí 350, kò sì sí máàkì tí wọ́n ń pè ní páàsì nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀n tí NWEA, àwọn tó ni ìdánwò náà, gbé jáde ní 2020, ọmọ Grade 4 máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ní nǹkan bíi 200 nínú ìṣirò, á sì parí ní nǹkan bíi 211. (Wọ́n ti gbé tuntun jáde ní 2025, ẹ bi iléèwé yín léèrè èyí tí wọ́n lò.) Ìyẹn ni pé mọ́kànlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rìn. Kẹ́hìndé rìn mẹ́rìnlá. Táíwò rìn mẹ́fà.

Growth percentile wá ń fi ọmọ wé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 188, Kẹ́hìndé rìn ju bíi méjìléláàádọ́rin lọ. Ọmọ yìí ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí, Ìyá Ìbejì. Èmi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ lórí irú èsì yìí tí kò ní rò ó pé iṣẹ́ ò lérè. Ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá lọ kọjú ìjà sí Táíwò o. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè fi bíi mẹ́ta yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, nọ́ńbà méjì ni ẹ sì ń yọ kúrò nínú ara wọn. Mẹ́fà yẹn lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ń retí yẹn náà, àárín ni. Bí ìdajì àwọn ọmọ ni kì í débẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe fèèlì.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Ẹ bá mi wo iye ìṣẹ́jú tí Táíwò lò lórí ìdánwò méjèèjì, ó máa ń wà lára ìwé náà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ bèèrè lọ́wọ́ tíṣà wọn.

Ìyá Ìbejì Katy

Háà! Mo rí i. Oṣù kẹsàn-án, ìṣẹ́jú 61. Oṣù karùn-ún, ìṣẹ́jú 23! Kẹ́hìndé lo 70, ó tún lo 74.

Mo pe Táíwò jókòó, mo bi í jẹ́jẹ́. Ó ní wọ́n sọ fún àwọn pé ẹni tó bá parí lè lọ ṣe géèmù. Ó ní òun ló ṣe ipò kejì nínú àwọn tó kọ́kọ́ parí. Bó ṣe ń sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn.

Tíṣà Grade 4

😂 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú. Ìdánwò yẹn ò ní aago, kò sẹ́ni tó ń lé ọmọ jáde, ṣùgbọ́n ìbéèrè bí ogójì ní ìṣẹ́jú 23 fún ọmọ tó ń rí ìbéèrè líle, kíkàn ló ń kàn án. Ẹ̀rọ náà máa ń rí i bí ọmọ bá ń dáhùn kíákíá ju bí èèyàn ṣe lè kà á lọ, wọ́n sì máa ń kọ rapid guessing sínú ìwé tíṣà. Ẹ ní kí tíṣà wọn fi hàn yín. Bí ó bá pọ̀, èmi ò ní gbé ara lé 220 yẹn, àfi ti oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀. Ẹ tún ní kó sọ fún yín bí Táíwò ṣe ṣe ìdánwò àárín ọdún, bí wọ́n bá ṣe é. Bí ibẹ̀ náà bá lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù nìkan: ó lè jẹ́ pé ohun tó ti mọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ láti ọdún, ó kàn jókòó ni.

Adé Missouri City

Ẹ jẹ́ kí n fi ti STAAR kún un, torí ìyàwó mi náà dà wọ́n pọ̀. MAP, iléèwé ló rà á. STAAR, ìjọba Texas ló ni ín, láti Grade 3 lọ sókè. STAAR kì í fi ọmọ wé ọmọ, ohun tí ìjọba ní kí ọmọ Grade 4 mọ̀ ló fi ń wọ̀n wọ́n. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló ní: Did Not Meet, Approaches, Meets, Masters. Páàsì ni Approaches o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Did Not Meet ló ń mú kí iléèwé gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní àfikún ẹ̀kọ́, wákàtí 15 tàbí 30. Wọ́n sì ti ṣòfin ní 2025 pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 2027-28, ìdánwò kéékèèké mẹ́ta lọ́dún ló máa rọ́pò STAAR.

Ìyá Ìbejì Katy

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n Adé. Approaches ni Kẹ́hìndé gbà, Táíwò gba Meets. Bàbá wọn ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ san owó bọ́ọ̀lù. Tíṣà, ìbéèrè kan ló kù: tíṣà lẹ́sìn fẹ́ fi ìwé Grade 5 bẹ̀rẹ̀ fún Kẹ́hìndé, ó ní kó lè ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Tíṣà Grade 4

Ẹ má gbà. Wọ́n pín ìṣirò sí ìsọ̀rí lórí èsì yẹn, ẹ wo èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní nǹkan bíi 200 nínú kíláàsì mi, ìdajì àti ìdámẹ́rin ni kò tíì yé wọn, àti ìlọ́po tí wọn ò tíì há sórí. Ẹ ní kó fún un ní ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin kó sọ èyí tó tóbi jù. Bó bá ní ìdámẹ́rin ni nítorí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ, ìwé Grade 3 ni kí wọ́n ṣí.