Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí àwọn ọ̀daràn ìbálòpọ̀ ní káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) tí à ń kó lọ

Ẹ̀yin ará, mo bi yín bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ọ̀daràn ìbálòpọ̀ ń gbé nítòsí ilé tí a fẹ́ gbà ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Mo ti rí i yanjú, mi ò sì ná kọ́bọ̀.

Ìkànnì NSOPW tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2005 ń wá orúkọ irú àwọn ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti GBI, iléeṣẹ́ ìwádìí Georgia, ló wúlò fún mi jù, torí mo lè fi orúkọ káńtì wá a. Ilé jìnnà síra níbẹ̀, nítorí náà àdírẹ́sì nìkan kò tó. Òótọ́ sì ni ẹ sọ nípa ṣẹ́rífù, ọ̀gá agbófinró káńtì: òfin Georgia ní kó lẹ àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọ̀daràn náà sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí aráàlú lè rí i. Mo lọ wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo fọ́tò àti ọjọ́ orí, torí orúkọ máa ń jọra, ẹ má sì lọ halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹni tí ọmọ mọ̀ ló sábà máa ń ṣe é níbi. A ti bá àwọn ọmọ wa sọ ọ́.

A ti gba ilé náà. Mo pa ìbéèrè yìí dé, ẹ ṣeun gan-an.