Automation tí mo kọ sínú ManageIQ ò ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti ń wò mí bí olè

Afọlábí: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí mi ti fẹ́ fọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí èmi àti ManageIQ yìí, software tá a fi ń bójú tó àwọn VM (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn), ti ń fà á, mi ò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Àìkú.

Ohun tí ọ̀gá fẹ́ kò le. Bí òṣìṣẹ́ kan bá béèrè VM nínú catalog, tí VM yẹn bá dìde tán, kí playbook Ansible kan (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí Ansible máa ń ṣe fúnra ẹ̀) bọ́ sórí ẹ̀, kó ṣe update, kó dá àwọn user sílẹ̀, kó sì ti àwọn port tá ò lò. Ọwọ́ la fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó ń gbà tó wákàtí méjì. Mo kọ method (code tí ManageIQ máa ń pè) ní èdè Ruby, mo so ó mọ́ PostProvision, ìgbésẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e bí VM bá dìde tán. VM ń dìde, àmọ́ playbook ò débẹ̀. Kò tiẹ̀ sí error kan tí mo lè tọpa!

Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó dé ti lọ sí Kánádà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí mo bá fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i, àwòrán ẹ̀rín ló ń fi dá mi lóhùn. NEPA náà ò jẹ́ ká gbádùn: láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akanti-01, VM àwọn akáńtì, ti kú lẹ́ẹ̀mẹta. Màdáàmù akáńtì ti gbà lọ́kàn pé èmi ni mò ń pa á. Mo pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn lánàá, mo ní ẹ kú ọ̀sán mà, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n kọjá. Ọ̀gá ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò tíì ṣiṣẹ́, òun á pe àwọn kọngílá láti Èkó. Èmi tí mo ti kọ Ruby tó lé ní igba ìlà!

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ẹ gbà mí.

Túndé: Ẹ pẹ̀lẹ́. Version wo ni? Ṣé ẹ ti tan Embedded Ansible, Ansible inú ManageIQ fúnra ẹ̀, nínú àwọn server role? Kí ni automation.log, ibi tó ń kọ ohun tó bá ṣe sí, sọ? Láìsí ìyẹn, ifá la ó máa dá.

Ìyá Ìbejì: Ha, role yẹn! Nígbà tí AWX, software ńlá tó ń darí Ansible, ṣì wà nínú ẹ̀, mo tan án lálẹ́ ọjọ́ kan kí n tó lọ sùn. Nígbà tí mo fi máa jí, ó ti jẹ gbogbo RAM tán, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Oyún ìbejì wà nínú mi nígbà yẹn, mo jókòó sílẹ̀ nínú server room, mo bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ẹ dúpẹ́, ansible-runner ló kù báyìí, kò wúwo. Àmọ́ ẹ rántí pé inú Git, ibi tá a ń kó code pa mọ́ sí, ni playbook gbọ́dọ̀ ti wá o, ẹ ò lè kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kí lẹ tún ń wá ní ManageIQ? Ẹ lo Terraform, tó ń fi code dá VM sílẹ̀, kí ẹ sinmi.

Bàbá Linux: Terraform wo? Èyí tí HashiCorp yí ìwé àṣẹ rẹ̀ padà lóṣù kẹjọ 2023? Kì í ṣe open source mọ́, àbúrò. Àti pé Terraform kò ní catalog tí òṣìṣẹ́ á fi béèrè VM, kò ní ibi tí ọ̀gá á ti fọwọ́ sí i, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀ka kan ti lo ju ìpín rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Bàbá, OpenTofu ńkọ́? Ohun kan náà ni, open source sì ni.

Bàbá Linux: Mo mọ OpenTofu kí o tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó béèrè kọ́ nìyẹn.

Kẹ́hìndé: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jà níta. Ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún níbí.

Afọlábí: Najdorf ni. Role wà ní títàn. Playbook wà nínú Git, mo tiẹ̀ ti fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ láti ibi Services, ó ṣiṣẹ́. Torí náà kì í ṣe Ansible. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ lo Terraform, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó oṣù mi?

Bàbá Linux: Najdorf! Ìyẹn ti pẹ́. Gbogbo version wọn, orúkọ àwọn àgbà òṣèré chess ni, láti orí Anand ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé a-b-d bọ̀. Ọdún 2012 ni Red Hat ra ilé iṣẹ́ ManageIQ, 2014 ni wọ́n ṣí code rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lò ó.

Túndé: Ẹ ò tíì dáhùn ti log. Ẹ wọ /var/www/miq/vmdb/log, ẹ wá "Invoking [inline] method" nínú automation.log. Orúkọ domain, àpò tí wọ́n kó code automation sí, ló máa ṣáájú nínú path. Kí ni orúkọ yẹn?

Afọlábí: Mo ti ní kò sí error nínú ẹ̀.

Túndé: Mi ò béèrè error. Orúkọ domain ni mo béèrè.

Afọlábí: Ó kọ /LIVE/Infrastructure/VM/Provisioning... LIVE ni domain ẹni tó lọ sí Kánádà. Ó kìlọ̀ kí n má fọwọ́ kàn án kó tó lọ. Temi ń jẹ́ TUNTUN. Ìsàlẹ̀ LIVE ló wà.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ bá kọ́kọ́ sọ. Ẹ ń sọ ti àtẹ̀gùn fún wa.

Bàbá Linux: Bí ìpàdé ẹbí ni, Afọlábí. Domain tó wà lókè ni àgbà. Bí àgbà àti ọmọdé bá ní instance (ẹyọ iṣẹ́) kan náà lójú path kan náà, ti àgbà ni engine máa gbọ́, á ṣe bí ẹni pé ọmọdé ò sí níbẹ̀. Ti ManageIQ fúnra ẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tì í pa, ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣe copy sínú domain tiwa. Ẹni tó lọ sí Kánádà ti ṣe copy state machine, ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ìgbésẹ̀ tí VM fi ń dìde, sínú LIVE, PostProvision tiẹ̀ sì ṣófo. Ibo ni error á ti wá?

Túndé: Ẹ má pa LIVE rẹ́ o! Ẹ ṣe export rẹ̀ pa mọ́ ná. Lẹ́yìn náà, nínú Automate Explorer, ẹ tẹ Datastore, ẹ wá Edit Priority Order of Domains lábẹ́ Configuration, ẹ gbé TUNTUN sókè. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi instance méjèèjì wéra. Ohunkóhun tó bá wà nínú ti LIVE tí kò sí nínú tiyín ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Kẹ́hìndé: Ẹ dúró ná. NEPA kì í wọ inú host, kọ̀ǹpútà tó gbé àwọn VM, lọ yan VM kan pa. akanti-01 nìkan ló ń kú, àbí? Báwo lẹ ṣe ń dán Ruby yín wò?

Afọlábí: Simulation, ojú ìwé ìdánwò inú ManageIQ, ni mo lò, kì í ṣe ojúlówó. Ọ̀gá tún ní kí n kọ èyí tó ń pa VM tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́, ìyẹn ni mò ń dán wò. Mo ṣe Request kan (orúkọ tá a fi ń pe method) fún un, mo mú VM àkọ́kọ́ nínú list torí mo mọ̀ pé kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Kẹ́hìndé: Àpótí kan wà lójú Simulation, Execute Methods. Ṣé ẹ fi àmì sí i?

Afọlábí: Àmì wà níbẹ̀.

Kẹ́hìndé: Àmì yẹn ní kí ó ṣe é lóòótọ́. Kí ni method yín ní kó ṣe sí VM?

Afọlábí: vm.stop

Ọmọ Ẹ̀gbá: Yéè!

Afọlábí: Ẹ dúró, ẹ dúró. Bí TUNTUN bá wà nísàlẹ̀, kí ló dé tí ìyẹn fi ṣiṣẹ́?

Túndé: Torí kò sí Request bẹ́ẹ̀ nínú LIVE. Kò sí àgbà tó máa gbọ̀rọ̀ náà mọ́ yín lẹ́nu.

Afọlábí: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú list, a ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ akanti-01.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ bá màdáàmù kí log tó lọ bá wọn. Ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Túndé: Láti òní lọ, ẹ yọ àmì yẹn. Bó bá di dandan kí ẹ fi sí i, ẹ dá VM ìdánwò sílẹ̀, kí ẹ pè é ní zz-idanwo, kó lè wà nísàlẹ̀ list. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ rí ohun tó wà nínú VM, InspectMe ni kí ẹ kọ sí Request, ìyẹn ò ní pa ẹnikẹ́ni.

Afọlábí: Mo ti ṣe export LIVE, mo ti gbé TUNTUN sókè. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo béèrè VM kan, playbook bọ́ sórí ẹ̀, mo rí PLAY RECAP, àbájáde tí Ansible ń kọ ní ìparí, failed=0. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ra bisikíìtì àti malt méjì, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà akáńtì. Wọ́n ní màdáàmù ò sí lórí ìjókòó, pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ọ̀gá látàárọ̀.