Àwọn òrìṣà obìnrin kéékèèké ti Róòmù: ta ni ó ń bọ wọ́n ní tòótọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kà nípa ẹ̀sìn àwọn ará Róòmù àtijọ́, mo sì rí i pé, yàtọ̀ sí Juno, Venus àti Minerva tí gbogbo ayé mọ̀, òrìṣà obìnrin tí iṣẹ́ wọn kò ju bíńtín lọ pọ̀ lọ súà. Seia ń ṣọ́ ọkà tí ó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, Segetia ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá hù, Tutilina sì ń ṣọ́ ọ tí wọ́n bá ti kó o sínú àká. Cunina ló ni ibùsùn ọmọ ọwọ́, Edusa ló ni oúnjẹ àkọ́jẹ rẹ̀, Potina ló ni ohun mímu. Ǹjẹ́ àwọn ènìyàn ń bọ wọ́n ní tòótọ́, àbí àwọn ọ̀mọ̀wé ló kàn tò wọ́n jọ?

Arókin:
Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí orúkọ wọ̀nyí gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù, ni ó tò wọ́n. Ìwé rẹ̀ yẹn sọnù, àwọn Kristẹni tí ó fẹ́ fi àwọn òrìṣà náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ fún wa. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní aṣọ́nà kan ṣoṣo ni oníkálukú ń fi sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì tó o, nítorí pé ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni àwọn ará Róòmù fi síbẹ̀: Forculus fún ilẹ̀kùn, Limentinus fún ìloro, Cardea fún ibi tí ilẹ̀kùn ti ń yí. Nítorí náà, èmi kì í gba orúkọ lásán ní ẹ̀rí. Mo máa ń béèrè ọjọ́ ọdún, àwòrò àti ojúbọ.

Àdùkẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, Arókin, àwòrò nìkan kò tó. Furrina ní àwòrò tirẹ̀, ọdún rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Keje, ó sì ní igbó ní òdìkejì odò Tiber, níbi tí Gaius Gracchus, olóṣèlú ará Róòmù, kú sí ní ọdún 121 ṣáájú ìbí Kristi. Síbẹ̀, Varro kọ ọ́ pé nígbà ayé òun, agbára káká ni àwọn ènìyàn díẹ̀ fi mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo Anna Perenna. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, àwọn mẹ̀kúnnù máa ń tú jáde lọ sí etí Tiber, takọtabo á jókòó sórí koríko, àwọn mìíràn á fi ẹ̀ka igi ṣe àtíbàbà. Iye ife wáìnì tí ènìyàn bá mu ni iye ọdún tí ó ń tọrọ, nítorí náà ṣe ni wọ́n ń kà á bí wọ́n ti ń mu ún. Akéwì Ovid ní òun pàdé wọn bí wọ́n ti ń darí bọ̀: ìyá arúgbó kan tí ó ti yó ń wọ́ bàbá arúgbó kan tí òun náà ti yó. Ní ọdún 1999, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Piazza Euclide ní ìlú Róòmù, ìsun omi rẹ̀ fara hàn, tòun ti owó ẹyọ, fìtílà, èèpo ẹyin, èpè tí wọ́n kọ sára òjé, àti àwọn ère kékeré tí wọ́n há mọ́ inú ìkòkò òjé. Àwọn tí ó ju èpè sínú omi yẹn gbà pé ó ń gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ti àwọn ọmọ ọwọ́ ńkọ́?

Arókin:
Rumina, tí ó ni ọmú mímu, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ó ní ojúbọ lẹ́bàá igi ọ̀pọ̀tọ́ kan, wàrà ni wọ́n sì fi ń bọ ọ́ níbẹ̀ dípò wáìnì. Edusa àti Potina ṣì wà nínú ìwé Varro ní tèmi.