Láti Kútọnu bọ̀ sí Ṣómólú: kíláàsì wo ni kí àwọn ọmọ wọ̀?

ÌyáFadé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kútọnu la wà, ṣùgbọ́n kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé a ó ti kó dé Ṣómólú. Ọmọ mẹ́ta ni. Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BEPC (ìwé ẹ̀rí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní girama), ọmọ ọdún 15 ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Èyí àárín gba CEP (ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) lẹ́yìn CM2, kíláàsì kẹfà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti pé ọdún 5. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá wọn àti èmi. Kíláàsì wo ló tọ́ sí kálukú wọn, ìdánwò wo ló wà lójú ọ̀nà títí dé yunifásítì, ibo sì ni ọmọ sábà máa ń há sí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi.

TíṣàGirama
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Ìyá Fadé. Lọ́hùn-ún, ọdún 6 ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 4 kí wọ́n tó gba BEPC, 3 sí i kí wọ́n tó ṣe BAC, ìdánwò ìparí girama. Ó di 13. Tiwa jẹ́ 6, 3 àti 3, ó di 12, yunifásítì á wá gba ọdún 4 ó kéré tán. Òun ni wọ́n ń pè ní 6-3-3-4 láti 1982. Òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ ọ́ di ọ̀ranyàn kí ọmọ ka Praimárì 1 dé JSS3 (ọdún kẹta girama kékeré; SS1 dé SS3 ni girama àgbà), ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ti àbíkẹ́yìn kò le. Ọmọ ọdún 6 ló ń wọ Praimárì 1, kí ó lo ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Èyí àárín, JSS1. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dá a padà sí Praimárì 6 nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi ìsinmi yìí wá fún un. Ìṣirò kò yí padà ní bodè Sẹ̀mẹ̀. Ohun tó lè ni yín lára ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìdánwò ìwọlé kí sáà tó parí, ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ bíi King's College àti Queen's College. Ẹ kọrí sí ọ́fíìsì Education District II ní Maryland, àwọn ló ń mójú tó Ṣómólú, kí wọ́n bá yín wá àyè. Ẹ mú ìwé CEP, ìwé ìbí pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àti nọ́ńbà LASRRA (ìforúkọsílẹ̀ olùgbé Èkó) ọmọ náà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni á ṣe ìdánwò tirẹ̀ fún un.

Àgbà yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Tí ẹ bá ka ọdún tó ti lò, 10 ni, àwọn kan á sì ní kó bọ́ sí SS2. Ẹ má ṣe é. SS1 ni kó wọ̀. WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìparí girama, kì í fi ìdánwò SS3 nìkan dá ọmọ lẹ́jọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ń fi máàkì SS1, SS2 àti SS3 ránṣẹ́. Èkejì, PCT (Físíìsì, Kẹ́místírì àti tẹknọ́lọ́jì pọ̀) tí ó kà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni. Níbí, Físíìsì dá dúró, Kẹ́místírì dá dúró, SS1 ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ wọn láti ìdí. Ẹni tó fo ọdún yẹn á máa lé wọn kiri títí di ọjọ́ ìdánwò.

SS1 yìí kan náà ni wọ́n ti ń pín ọmọ sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Níbẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń há. Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Tí Físíìsì bá le fún un ní tọ́ọ̀mù kìíní, tí wọ́n sì sún un sí kíláàsì áàtì kí máàkì rẹ̀ lè dára, ọ̀nà nọ́ọ̀sì ti dí nìyẹn, kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ JAMB, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ẹ máa yẹ ìwé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó yàn wò fúnra yín. C6 ni kírẹ́díìtì parí sí. D7 àti E8 kò lè mú un wọlé. Ẹ sì sá fún ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń ṣèlérí WAEC kíákíá: wọ́n ń dá èsì irú ibẹ̀ dúró, ọdún ọmọ á sì ṣòfò.

Ó kù díẹ̀: Yorùbá jẹ́ ọ̀ranyàn ní ilé ẹ̀kọ́ Èkó láti 2018. Tó bá jẹ́ ɔ àti ɛ tí wọ́n ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kọ, ẹ tètè kọ́ ọ ní ọ, ẹ àti ṣ.

ÌyáFadé
Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà. Ṣùgbọ́n tó bá wọ SS1, ọmọ ọdún 18 ni yóò jẹ́ kó tó parí. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Sẹ́ńtàCBT
Kò pẹ́ rárá, mà. Ẹni tí kò tíì pé 16 gan-an ni JAMB ń dá padà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí òun ló ń mú òbí padà wá sí sẹ́ńtà ìdánwò JAMB wa jù. Ní Bẹ̀nẹ̀, bí Faransé ni wọ́n ń kọ orúkọ wa: Adéṣínà á di Adéchina, Àjàyí á di Adjayi. Tí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) bá gbé Adesina, tí WAEC gbé Adechina, ẹni méjì ni kọ̀ǹpútà rí. Inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí, àwa ní sẹ́ńtà kò lè yí lẹ́tà kan padà. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan, ẹ fi gba NIN fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nísinsìnyí (NIN òbí ni wọ́n fi ń ṣe tọmọdé), kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Tí ọdún JAMB bá dé, a ó fi fóònù kọ NIN, àlàfo kan, nọ́ńbà 11 náà, ránṣẹ́ sí 55019. Wọ́n á dá kóòdù lẹ́tà àti nọ́ńbà 10 padà. Líìnì kan, ọmọ kan. Ẹ má lo líìnì tí ẹ̀gbọ́n ti lò, kí líìnì náà má sì sọnù, torí òun ni gbogbo ìròyìn ń gbà wọlé. Kóòdù yẹn la fi ń ra PIN ìforúkọsílẹ̀ JAMB, lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò wá tẹ ìka ní sẹ́ńtà. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó kù, àpapọ̀ máàkì 400. Fún nọ́ọ̀sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì ni mẹ́ta náà. Èyí tó kọ́kọ́ há sí Físíìsì ní SS1, ibí ló ti ń mọ̀.

Ẹ̀gbọ́nAkọkà
Kí n fi ti yunifásítì kún un. UNILAG (Yunifásítì Èkó) ń fẹ́ 200 nínú 400 ní JAMB, kí ọmọ sì ti fi UNILAG ṣe àkọ́yàn, kó tó jókòó ìdánwò tiwọn. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan ni wọ́n fi ń pín 45% nínú àyè, 35% ń lọ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, 20% fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ti lọ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì, ọdún 5 ni.

Lẹ́yìn tí èsì WAEC bá jáde, ẹ padà sí sẹ́ńtà kí wọ́n gbé e sórí JAMB CAPS, ojú òpó tí wọ́n ti ń pín àyè yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba máàkì dáadáa ló pàdánù àyè nítorí èyí: yunifásítì ń wo CAPS, ó ń rí i pé èsì kò tíì dé, ó sì fò ó. Tí wọ́n bá sì fún un ní àyè, CAPS yìí náà ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Tí àyè kò bá sí, JUPEB wà, ẹ̀kọ́ ìgbaradì fún yunifásítì, ọdún kan, ó sì ń mú ọmọ wọ 200 level (ọdún kejì).

ÌyáFadé
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé ìbí wọn jáde ni. Méjì ní Adéchina, ti àbíkẹ́yìn ní Adesina. Lọ́jọ́ Ajé, mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) ni mo ń lọ kí n tó di ẹrù kankan.