Ó ku ọ̀kan: ohun tí ojú wa ti rí nídìí iṣẹ́ abẹ

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì lé ní ogún ọdún nínú rẹ̀ tí mo lò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin aláìsàn àti ará ilé aláìsàn ń sọ nípa iṣẹ́ abẹ, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹni tó dúró lápá kejì tábìlì náà sọ tirẹ̀. Ẹ̀bi mi wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì ní bò ó.

Lóru ọjọ́ kan, nínú òjò, wọ́n fi ọ̀kadà gbé aboyún kan dé láti abúlé kan lápá Búnú. Ó ti ń rọbí láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ọmọ náà sì há. Àwa mẹ́rin péré la wà lẹ́nu iṣẹ́: dókítà, ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun, èmi, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nígbà yẹn, a kì í ra gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Inú ìdì ńlá la ti ń gé e, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó rán etí rẹ̀, a ó so ó ní márùn-ún márùn-ún, a ó sì kó o sínú dúrọ́ọ̀mù kí a tó sè é. Nítorí kíkà la ṣe ń so ó ní márùn-ún, kí ẹni tó ń kà á má baà ṣì í kà. Gọ́ọ̀sì tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó a máa lẹ̀ mọ́ ìfun bí ẹni pé ara ìfun ni. Àwọn tí wọ́n ń ṣe fún iṣẹ́ abẹ lóde òní ní fọ́nrán kan nínú tí àwòrán X-ray ń gbé jáde. Tiwa kò ní in. Bí a bá pa ikùn dé mọ́ ọn, ó di inú òkùnkùn nìyẹn.

A gbé ọmọ náà jáde láàyè, ọkùnrin ni. Bí dókítà ti ń múra láti rán ikùn pa ni iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, tọ́ọ̀ṣì ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń tàn sí wa. Mo ka gọ́ọ̀sì inú bàsíà, mo rí mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la gbé wọlé. Mo tún un kà, mẹ́rìnlá ni. Mo gbójú sókè, mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn tí mo fi sọ ọ́ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Dókítà ní, "Sístà, ẹ tún un kà dáadáa, obìnrin yìí ń ṣẹ̀jẹ̀." Ọ̀gá mi ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo wa pé kí obìnrin náà má kú mọ́ wa lọ́wọ́. Mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà wá. Ara rẹ̀ gbóná, ikùn rẹ̀ wú, ọyún sì ń jáde lójú egbò náà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó jù wá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti tún ikùn rẹ̀ ṣí. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún un. Ẹnì kan láàárín wọn ló sọ ọ́ fún wa ní bòókẹ́lẹ́: gọ́ọ̀sì kan ni. Ó yè, ṣùgbọ́n kò tún bímọ mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún iṣẹ́ abẹ. Ohun mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí ìgbà mẹ́ta: kí wọ́n tó fún aláìsàn lóògùn oorun, kí ọ̀bẹ tó kan ara rẹ̀, àti kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú yàrá náà. Ta ni aláìsàn yìí? Kí la fẹ́ ṣe fún un, apá ibo sì ni? Ṣé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà? Ṣé gọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti irin iṣẹ́ pé? Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, láti London àti Toronto dé Manila àti Ifakara ní Tanzania. Èsì tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2009 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún aláìsàn, àwọn tó ń kú wálẹ̀ láti bíi 15 sí 8. Bébà kan ṣoṣo ni, kò sì sí ilé ìwòsàn tó tálákà débi pé kò ní lè rí bébà rà.

Àmọ́ bébà náà kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Mo ti rí ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tí wọ́n á wá jókòó ní ọ́fíìsì máa fàmì sí i nígbà tí aláìsàn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: kí ọ̀bẹ tó kan ara, olúkúlùkù yóò dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe, títí kan ẹni tó kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lanu sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá yẹn, ọ̀rọ̀ kejì kì í wúwo lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ohùn mi ì bá jáde.

Ọdún méjì kí n tó fẹ̀yìn tì, ó tún ṣẹlẹ̀. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mo ní, "Dókítà, ẹ má tíì rán an. Ó ku ọ̀kan." Ó dá ọwọ́ dúró. A wá inú ikùn, a wá inú bàsíà, a tú ìdọ̀tí kalẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá gbáko. Ìsàlẹ̀ àpótí tí dókítà dúró lé la ti rí i, ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àpótí náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì na ọwọ́ gba abẹ́rẹ́.

Ọmọ Kàbà

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ìyá wa. Ìpá ló ń yọ bàbá mi lẹ́nu lápá òsì. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo ti gba bíírò lọ́wọ́ wọn nígbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí pé, "Ta ló ni ikùn tí ẹ fẹ́ là?" Ojú tì mí gidigidi. Bàbá mi kò ya wèrè, kò dákú, ó kàn jẹ́ pé kò kàwé ni, gbogbo wa sì ti ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ ọ́ kedere pé kí oníṣègùn ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti owó rẹ̀ fún aláìsàn fúnra rẹ̀, ní èdè tó gbọ́, lọ́nà tó bá ìmọ̀ rẹ̀ mu. Dókítà náà tọrọ àforíjì, ó sì jókòó tì í. Ó ya ihò tí ìfun ń gbà jáde sí ẹ̀yìn bébà kan, ó fi han bàbá, ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ìfun bá há síbẹ̀, ó sì fún un láyè láti béèrè. Kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ kankan, ó fi bíírò fàmì sí apá òsì níṣojú rẹ̀, bàbá sì fi ìka tẹ ibẹ̀ pé ibẹ̀ ni. Àtàǹpàkò tirẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù náà, kì í ṣe orúkọ mi.

Ní ti owó, gbogbo owó kájú tí a tà lọ́dún yẹn ló bá a lọ, torí pé ìbọ̀wọ́, omi tí wọ́n ń fà sára àti okùn tí wọ́n fi ń rán egbò, àwa la rà wọ́n. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní 2015 pé ènìyàn bílíọ̀nù márùn-ún láyé ni kò ní iṣẹ́ abẹ tí kò léwu, tí apá wọn sì ká, lárọ̀ọ́wọ́tó. Mo mọ díẹ̀ nínú wọn, àdúgbò wa ni wọ́n ń gbé, ìpá wọn ṣì wà lára wọn.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: ǹjẹ́ obìnrin yẹn mọ̀?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní gẹ̀gẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan wá láti òkè òkun, wọ́n ṣe é fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ wọn mọ́, àpá náà kò ju ìlà ọrùn lọ. A dúpẹ́, a sì ń dúpẹ́ títí di òní. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò, wọ́n sì lọ.

Nígbà tó ṣe, màmá bẹ̀rẹ̀ sí sùn lọ́sàn-án gangan. Òtútù ń mú un nínú oṣù kẹta, ìgbà tí gbogbo wa ń sùn síta nítorí ooru. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ di ti ọkùnrin, kò sì rántí orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Ó tó bí oṣù mẹ́jọ kí dókítà kan ní Lọ́kọ́ja tó bi wá pé, "Ṣé gbogbo ẹṣẹ́ ọrùn tó wú di gẹ̀gẹ̀ náà ni wọ́n yọ, àbí apá kan?" Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí pé ìwé rẹ̀ ti bá àwọn àlejò náà lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, àti pé oògùn kan wà tó yẹ kí ó ti máa lò lójoojúmọ́ títí ayé rẹ̀. Oògùn náà kì í ṣe oògùn ọ̀wọ́n. Ó ń lò ó báyìí, ara rẹ̀ sì ti padà.

Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún wa máa wá. Kí wọ́n sáà fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n sì bá dókítà tó ń gbé àárín wa ṣe é, kí aláìsàn lè rí ẹni tí yóò padà lọ bá.

Oníná Sólà, Ẹ̀gbẹ̀

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, iná ni mo ń tún ṣe. Wọ́n ti pè mí wá wo ẹ̀rọ tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà wá ta ilé ìwòsàn kan lọ́rẹ, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ iná wa láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná tiwọn jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ fóltì 230. Ó ti jóná kí wọ́n tó lò ó fún ẹnì kan.

Ibòmíràn, a gbé sólà sórí òrùlé yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì ń gbé ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọn kò fi ní láti máa dúró de àgbá ọ́síjìn láti Lọ́kọ́ja lójú ọ̀nà tí tírélà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ta ni yóò ra bátìrì nígbà tí èyí bá kú, wọ́n wo ara wọn lójú. Mo ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú

Ọmọ Kàbà, mo ti ń retí ìbéèrè yín. Fún ọdún púpọ̀, kò mọ̀. Wọ́n ní ìdọ̀tí ló wọ ojú egbò rẹ̀, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dání, mo lọ bá a nílé. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: iye tí a gbé wọlé, iye tí mo kà, iye tí mo kọ. Ọmọkùnrin tí a gbé jáde lóru ọjọ́ yẹn wà níbẹ̀, òun náà ti di bàbá ọmọ.

Obìnrin náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí pé bí mo bá ti pariwo lóru ọjọ́ náà, ṣé dókítà ì bá dúró? Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dìde. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í.